Kì í ṣe ọ̀lẹ ló lé e

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo ka lẹ́tà tí ẹ tẹ̀ jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tí bàbá kan ti ní ọ̀lẹ ló ń mú àwọn ọ̀dọ́ fiṣẹ́ sílẹ̀. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bàbá ò tíì rí irú iṣẹ́ tí wọ́n ń sá fún.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù l'Ékòó. Bí èèyàn bá ti yáwó, áàpù wọn á kó gbogbo nọ́ńbà inú fóònù rẹ̀. Bí ọjọ́ ìsanwó bá kọjá, iṣẹ́ ọmọ yìí ni kó máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀gá onígbèsè, pásítọ̀ rẹ̀, àní àna rẹ̀, pé olè ni. Ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ láìtíì rí òmíràn.

Àsọdùn kọ́ o. Lóṣù kẹta ọdún 2022, FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà oníbàárà, ya wọ ọ́fíìsì irú àwọn ayánilówó bẹ́ẹ̀ n'Íkẹjà nítorí ìwà yìí gan-an.

Bàbá ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Òótọ́ ni, n ò sì dá abiyamọ tí owó ilé wà lọ́rùn rẹ̀ lẹ́bi bó bá dúró. Ṣùgbọ́n Yorùbá kan náà ló ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ẹ̀sín ta wá ni ká máa fi jẹun? Kí bàbá tó dáhùn, kó kọ́kọ́ fojú inú wo irú àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí fóònù àna tirẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín kan, Abẹ́òkúta