Oògùn cholesterol: Kí ló dé tí obìnrin fi ń gbẹ́yìn l'Amẹ́ríkà?

Àrùn ọkàn ló ń pa obìnrin jù lọ l'Amẹ́ríkà. Nínú obìnrin márùn-ún tó bá kú níbẹ̀, nǹkan bí ẹnì kan ni àrùn náà pa. Síbẹ̀, tó bá di ọ̀rọ̀ statin, oògùn tó ń dín cholesterol kù, ìyẹn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń dí iṣan, ọkùnrin ló ń rí i gbà jù.

Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2019 fi èyí hàn gbangba. Ènìyàn 5,693 tó yẹ kí wọ́n máa lo statin ni wọ́n yẹ̀ wò. Nínú ọgọ́rùn-ún ọkùnrin, àwọn tí dókítà kọ ọ́ fún lé ní 78. Nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin, 67 péré ni. Àwọn tó ní dókítà kò fi oògùn náà lọ àwọn rí pọ̀ láàrin obìnrin ju ọkùnrin lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, tí wọ́n tún pa á tì. Àwọn tó gbà pé oògùn náà kò léwu sì kéré láàrin obìnrin.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní Scotland, tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 1995, ọkùnrin 6,595 ni wọ́n fi ṣe é. Kò sí obìnrin kan ṣoṣo níbẹ̀. Ara ohun tó jẹ́ kí àwọn kan máa jiyàn bóyá oògùn náà wúlò fún obìnrin nìyẹn.

Ṣùgbọ́n lọ́dún 2015, àwọn onímọ̀ kó èsì ìwádìí 27 pọ̀, èyí tí àwọn tó kópa níbẹ̀ lé ní 174,000. Wọ́n rí i pé bí ewu tó dojú kọ ọkùnrin àti obìnrin bá dọ́gba, àǹfààní tí statin ń ṣe fún wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Lóòótọ́, ara obìnrin ní ti rẹ̀. Cholesterol rẹ̀ a máa lọ sókè lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró. Ní ti aboyún, àjọ FDA tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn l'Amẹ́ríkà ní lọ́dún 2021 pé kí wọ́n má ṣe ka statin léèwọ̀ fún gbogbo wọn mọ́, àmọ́ kí ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ṣì dá a dúró.

Kò sí èyí tó ní kí wọ́n fi obìnrin tí àrùn ọkàn ń dún mọ̀huru-mọ̀huru mọ́ sílẹ̀ láìtọ́jú. Ẹ̀bi kò sí lára oògùn. Iwájú dókítà ni àtúnṣe ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí dókítà kò bá dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, kí obìnrin fúnra rẹ̀ béèrè. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.