Ojú Irin Pobè: Ta Ló Ni Ín?

Nígbà tí a dábàá ní Oko-Akarè pé kí ẹgbẹ́ wa kọ ìtàn ojú irin tó ti Àjàṣẹ́ lọ sí Pobè sílẹ̀, ohùn méjì ló dìde lòdì sí wa. Àwọn kan wí pé: «Ohun òyìnbó ni. Òyìnbó ló gbé e wá, òun náà ló fi kó ọrọ̀ wa lọ; ẹ jẹ́ kí koríko bò ó.» Àwọn kejì wí pé: «Òyìnbó ló fi ta wá lọ́rẹ, àwa ni a kò mọ ẹ̀bùn tọ́jú.» Ọ̀rọ̀ méjèèjì dàbí ọ̀tá ara wọn, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, nítorí àwọn méjèèjì gbà pé òyìnbó ló ni ojú irin náà. Ibẹ̀ gan-an ni àwa kò ti bá wọn gbà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ bí ọ̀rọ̀ ti rí. Ojú irin náà kò fẹ̀: mítà kan péré ló wà láàárín irin méjèèjì. Àwọn Faransé yan ìwọ̀n yìí nítorí pé owó rẹ̀ kò pọ̀: ọ̀nà tóóró lè yà síhìn-ín yà sọ́hùn-ún láìsí wàhálà, kò sì béèrè pé kí a gbẹ́ ilẹ̀ púpọ̀. Ó gbéra láti Àjàṣẹ́ létí ọ̀sà, ó gun ilẹ̀ pupa tí ẹ̀ka ìjọba wa, Plateau, gba orúkọ rẹ̀ lára rẹ̀. Ó dé Sakété ní 1907, ó sì dé Pobè ní 1913, kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí a so ó mọ́ Kútọnu, gbogbo ọ̀nà náà di kìlómítà 107. Àwa ará Adja-Ouèrè, tí ilẹ̀ wa wà láàárín Sakété, Pobè àti Kétu, kì í ṣe àlejò nínú ìtàn rẹ̀.

Kí ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é? Èkùrọ́ àti epo pupa ni. Ṣáájú ojú irin, orí ènìyàn ló ń ru ẹrù wọ̀nyí, tàbí kí àwọn ọkùnrin yí àgbá epo lójú ọ̀nà títí dé etí omi. Láti Àjàṣẹ́, ọkọ̀ ojú omi a gbé e gba ọ̀sà lọ sí Èkó. Ìjọba amúnisìn kò fẹ́ kí ọjà Èkó jẹ èrè tí Kútọnu lè jẹ. Láti 1899 ni wọ́n sì ti gbé owó-orí lé àwọn ará Dahomey lórí. Ẹni tó bá fẹ́ san owó-orí ní láti rí nǹkan tà. Ẹni tó bá rí èkùrọ́ tà, ojú irin a gbé e lọ. Báyìí ni owó-orí àti ọkọ̀ ojú irin ṣe ń ran ara wọn lọ́wọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè é ní ẹ̀bùn mọ́. Ẹni tó bá fún ọ ní okùn láti fi di ẹrù tirẹ̀ fún un kò ta ọ́ lọ́rẹ.

Ṣùgbọ́n nítorí èyí ni a ṣe ń sọ pé tiwa ni. Ta ló la igbó? Ta ló kó erùpẹ̀ jọ, tó gbé igi ìdábùú sílẹ̀, tó ru irin tó wúwo? Òyìnbó tó mú ìwọ̀n lọ́wọ́ kò pọ̀. Ọwọ́ dúdú ló ṣe ìyókù. Iṣẹ́ àfipáṣe wà lórí àwọn ènìyàn wa títí òfin fi fi òpin sí i ní oṣù kẹrin 1946. Àwọn Ọ̀họ̀rí, aládùúgbò wa, kò sì gba àjàgà ìjọba náà ní ìrọ̀rùn: ìṣọ̀tẹ̀ wọn ní 1914 àti 1915 kò tíì kúrò lẹ́nu àwọn àgbà. Bí ẹni tó fi òógùn kọ́ ilé kò bá ni ilé, a fẹ́ kí àwọn alátakò wa sọ fún wa ẹni tó ni ín.

Àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin fúnra wọn dáhùn ìbéèrè yìí ní oṣù kẹwàá 1947. Àwọn ti Dahomey dara pọ̀ mọ́ àwọn ti Senegal, Sudan, Guinea àti Ivory Coast, wọ́n sì da iṣẹ́ sílẹ̀. Wọn kò wí pé kí ọkọ̀ ojú irin parun. Ohun tí wọ́n wí ni pé òṣìṣẹ́ dúdú àti òṣìṣẹ́ funfun tó ń ṣiṣẹ́ kan náà gbọ́dọ̀ jẹ àǹfààní kan náà. Sembène Ousmane fi ọ̀rọ̀ ìdásẹ́sílẹ̀ náà kọ ìwé rẹ̀, Les bouts de bois de Dieu, ní 1960. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń kà á ní ilé ìwé, wọ́n sì rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn ni. Àwọn ènìyàn wa wà nínú rẹ̀.

Ohun mìíràn wà tí ojú irin yìí lè kọ́ wa, tí ìwé ilé ẹ̀kọ́ kì í sọ. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ṣí ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, wọ́n sì ní ẹ̀ka kan tó ti Ifọ̀ gba Ìlarò dé Ìdógò. Láti Pobè dé Ìdógò kò jìnnà. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ló ń gbé ìhà méjèèjì. Síbẹ̀ ìwọ̀n ojú irin Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ mílímítà 1,067, ti Faransé sì jẹ́ 1,000. Mílímítà 67, tí kò tó fífẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà, ló wà láàárín wọn. Bí a tilẹ̀ so irin méjèèjì pọ̀ lálẹ́ òní, ọkọ̀ kan náà kò lè ti Àjàṣẹ́ lọ sí Abẹ́òkúta. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí a ṣe pín ilẹ̀ Yorùbá, kó má wo àwòrán ayé nìkan. Kó wo ojú irin.

Àwọn mìíràn ti ṣe ohun tí à ń wí yìí, wọn kò sì di òmùgọ̀. Ní gúúsù Íńdíà, ojú irin Nilgiri ń gun òkè lọ sí Ooty. Ìwọ̀n mítà kan bíi tiwa ni, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló sì parí rẹ̀ ní 1908, ọdún kan lẹ́yìn tí tiwa dé Sakété. Àwọn ará Íńdíà kò wí pé ohun amúnisìn ni, kó jẹrà. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, UNESCO sì kà á mọ́ ogún gbogbo ayé ní 2005. Bí ẹnì kan bá ní Íńdíà lówó jù wá lọ, kó wo Eritrea. Àwọn Ítálì ló ṣe ojú irin tóóró tó ti Massawa létí Òkun Pupa gun òkè dé Asmara ní 1911, ní ibi gíga tó ju mítà 2,300 lọ. Ogun bà á jẹ́. Àwọn ọmọ ogun hú irin rẹ̀ fi kọ́ ibi ìsápamọ́ sí. Lẹ́yìn òmìnira ní 1993, àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin tó ti fẹ̀yìn tì, àwọn bàbá arúgbó, padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì tún un ṣe. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó ṣe iṣẹ́ ló ni ín.

A gbọ́ àtakò kẹta, òun ló sì wúwo jù: «Omi kò tó, ọ̀nà kò dára, ilé ìwòsàn jìnnà, ẹ ń sọ̀rọ̀ irin tó ti kú.» Òótọ́ ni pé omi ṣáájú. A kò sọ pé kí a fi owó omi ra ọkọ̀ ojú irin, a kò sì ṣe ìlérí fún ẹnikẹ́ni pé fèrè rẹ̀ yóò tún dún ní Pobè. Ohun tí a ń béèrè kò ná wa ju àkókò lọ. Koríko, oko àti ilé ń gba ojú ọ̀nà náà lọ́dọọdún. Àwọn tó rántí ìró ọkọ̀ náà sì ń dínkù. Irin lè dúró dè wá. Àgbà kì í dúró.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a fi lọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan jókòó ti àgbà kan ní àsìkò ìsinmi tó ń bọ̀, kó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní èdè Yorùbá, kó tó túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé: ta ló ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ta ló tajà níbẹ̀, orin wo ni wọ́n kọ, orúkọ wo ni wọ́n fún ọkọ̀ náà. Kí a fi ẹsẹ̀ rin ojú ọ̀nà náà, kí a kọ ohun tó kù sílẹ̀, ilé ibùdókọ̀ àti afárá. Kí a sì bẹ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Plateau pé, kí wọ́n tó pín ilẹ̀ ojú irin fún ẹnikẹ́ni, kí wọ́n ya ibì kan sọ́tọ̀ fún àmì ìrántí.

Bí a kò bá ṣe é, ẹlòmíràn yóò kọ ìtàn náà fún wa, yóò sì kọ pé òyìnbó ló ṣe ojú irin Pobè. Àwọn ọmọ wa yóò kà á, wọn yóò sì gbà á gbọ́, nítorí pé kò ní sí ìwé mìíràn níwájú wọn.