Èébì Ọmọ Tuntun àti Owó Epo

Ẹlòmíràn lè ní ọ̀rọ̀ dókítà ni mo gbé wá. Èmi ní ọ̀rọ̀ ìlú ni.

Lọ́dún tó kọjá, àbúrò mi obìnrin bímọ. Ọmọ ké, ó mu ọmú, kò sí wàhálà. Ní ọjọ́ kẹrin ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì, èébì náà sì dà bí omi ewé tí a gún. Àwọn àgbà ilé ní ọmú ìyá ló korò, wọ́n wá àgbo. Nígbà tí a fi dé ilé ìwòsàn, ilẹ̀ ti ṣú. Wọ́n ní ká máa gbé e lọ sí Kútọnu fún iṣẹ́ abẹ. Ọkọ̀ aláìsàn wà níbẹ̀, a fojú rí i, ṣùgbọ́n wọ́n ní ká mú owó epo wá ná. Ká tó rí owó náà jọ, ilẹ̀ ti ń mọ́. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ náà, àmọ́ ìfun ti dúdú. A sin ọmọ.

Dókítà là á yé wa. Nínú oyún, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìfun ọmọ a máa jáde sínú okùn ìwọ́, torí ikùn ò gbà á. Ní bí ọ̀sẹ̀ kẹwàá a padà wọlé, a sì yí kó tó jókòó sáyè rẹ̀. Ti ọmọ mìíràn kì í yí tán. Ibi tí ìfun so mọ́ á wá tín-ín-rín, bí aṣọ tí a fi èèkàn kan ṣoṣo há sórí okùn, ó sì lè lọ́ nígbàkígbà. Bó bá lọ́, oúnjẹ ò kọjá, òróòro a gba ẹnu jáde: àwọ̀ ewé yẹn nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ náà ò kọjá. Láàárín wákàtí díẹ̀, ìfun a bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Kì í ṣe àjẹ́, kì í ṣe ọmú ìyá. Láti 1936 ni dókítà Ladd ní Boston, l'Amẹ́ríkà, ti kọ bí a ṣe ń tú u. Mi ò bú àgbo o, èmi náà ń mu ún, ṣùgbọ́n àgbo kò lè tú ìfun tó lọ́. Ọmọ tuntun tó bá bi àwọ̀ ewé, kí dókítà rí i lọ́jọ́ náà gan-an, kódà bó bá jẹ́ òru.

Àmọ́ ká má di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn ìyá àgbà. Láti Kétu dé Kútọnu ju 100 kìlómítà lọ, ti Ṣábẹ̀ẹ́ tún jìnnà jù bẹ́ẹ̀. A ò lè gé ọ̀nà kúrú. Wákàtí tí a fi ń wá owó epo, ìyẹn la lè gé. Kí àwọn maire wa fi owó epo sílẹ̀ nínú àpò commune, kí wọ́n gbé ọmọ lọ ná, ká sọ̀rọ̀ owó lẹ́yìn. Lásìkò ìbò, ṣebí epo kì í wọ́n nínú ọkọ̀ wọn.

Àwa náà ńkọ́? Bí òkú bá ṣẹlẹ̀, ẹgbẹ́ wa kì í pẹ́ dáwó: aṣọ, àga, ìlù. Mo ní ká yọ díẹ̀ nínú owó ìsìnkú, kó wà lọ́wọ́ akápò fún ìyá ọmọ tó bá nílò ọkọ̀ lóru. Màá gbé e wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn, kó wá sọ ọ́ níbẹ̀. Àbúrò mi á wà níjòkòó.