Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ọ̀rọ̀ Àdéhùn Sọ́fítíwíà ní Ilé-Ẹ̀kọ́

Bí ìyá kan bá gbé abọ́ ata méjì lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlẹ́rọ, owó abọ́ méjì ni yóò san. Bí ẹlẹ́rọ bá wí pé kí ó san owó gbogbo abọ́ tí ó wà ní ilé rẹ̀, títí kan èyí tí ó fi ọlọ lọ fúnra rẹ̀, gbogbo ọjà ni yóò pariwo pé ìrẹ́jẹ ni. Ṣùgbọ́n bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá wọ inú ìwé àdéhùn tí ó gùn, tí èdè rẹ̀ sì ta kókó, àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá a máa tọwọ́ bọ̀ ọ́ láì wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Irú ọ̀ràn yìí ṣẹlẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí mọ ìtàn náà, nítorí pé àwọn ni olùkọ́ àti olùtọ́jú owó ilé-ẹ̀kọ́ lọ́la.

Sọ́fítíwíà ni ètò tí ó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́. Láìsí i, àpótí lásán ni kọ̀ǹpútà. Ẹni tí ó san owó rẹ̀ kò rà á bí ẹni ra àga. Àṣẹ ìlò ni ó rà, inú ìwé àdéhùn ni a sì kọ ìwọ̀n àṣẹ náà sí. Àdéhùn kan dà bí rírà: a san án lẹ́ẹ̀kan, àṣẹ náà kò sì ní òpin. Òmíràn dà bí ilé tí a háyà: ọdọọdún ni a ń sanwó, ọjọ́ tí owó bá sì dúró ni ẹ̀tọ́ dúró.

Ní oṣù Ọ́kítóbà ọdún 2007, àjọ Becta, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ láti máa gba ilé-ẹ̀kọ́ nímọ̀ràn lórí kọ̀ǹpútà, gbé ẹjọ́ ilé-iṣẹ́ Microsoft lọ sí iwájú Office of Fair Trading, àjọ tí ń mójú tó òdodo nínú òwò nígbà náà. Ẹ̀sùn náà jẹ́ méjì. Èkíní ni pé lábẹ́ àdéhùn ọlọ́dọọdún tí Microsoft ń bá ilé-ẹ̀kọ́ ṣe, a ń ka owó lé àwọn kọ̀ǹpútà tí sọ́fítíwíà ẹlòmíràn ń ṣiṣẹ́ nínú wọn pẹ̀lú. Èkejì ni pé ìwé tí a bá fi Office 2007 kọ kò rọrùn láti fi sọ́fítíwíà ẹlòmíràn ṣí. Becta gba àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ń gbèrò láti wọ àdéhùn ọlọ́dọọdún náà nímọ̀ràn pé kí wọ́n má ṣe wọ̀ ọ́. Ní ọdún 2008, ó gbé ẹ̀sùn náà dé iwájú European Commission.

Àpẹẹrẹ kan yóò là á yé ni. Ká ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní 100 kọ̀ǹpútà, tí ó sì fi Linux, tí a kì í sanwó àṣẹ lé lórí, sínú 40 nínú wọn kí ìnáwó lè dín kù. Lábẹ́ irú àdéhùn yìí, owó 100 ni yóò ṣì san. Kí wá ni èrè ọgbọ́n rẹ̀? Òótọ́ ni pé àdéhùn ọlọ́dọọdún rọrùn fún ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́: iye tí yóò ná ti hàn sí i, ó sì ń rí ẹ̀dà tuntun gbà. Ṣùgbọ́n ìrọ̀rùn kò sọ àìtọ́ di títọ́. Kì í ṣe pé owó pọ̀ nìkan ni ẹ̀sùn. A ń gba owó lórí ohun tí a kò tà.

Ọ̀nà yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Microsoft ti bá àwọn tí ń ṣe kọ̀ǹpútà ṣe àdéhùn pé wọn yóò sanwó lórí gbogbo ẹ̀rọ irú kan tí wọ́n bá tà, ìbáà ní MS-DOS nínú, ìbáà má ní. Ìjọba Amẹ́ríkà takò ó, ní oṣù Júláì ọdún 1994 sì ni ilé-iṣẹ́ náà gbà láti fi irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí kò tọ́ fún àwọn ọlọ́jà ńlá, báwo ni yóò ṣe tọ́ fún ilé-ẹ̀kọ́ tí ń fi owó ìlú kọ́ ọmọ?

Becta fúnra rẹ̀ kò sí mọ́. Ìjọba tí ó dé ní ọdún 2010 kéde pé òun yóò pa á rẹ́, ó sì kógbá sílé ní ọdún 2011. Kí ilé-ẹ̀kọ́ kankan má ṣe gbé gbogbo ìṣọ́ra rẹ̀ lé àjọ ìjọba lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kò yọ Nàìjíríà sílẹ̀. Ní ọdún 2007 kan náà, ètò wà láti ra 17,000 kọ̀ǹpútà kékeré Classmate ti Intel fún ilé-ẹ̀kọ́ Nàìjíríà, pẹ̀lú Linux ti ilé-iṣẹ́ Mandriva nínú wọn. Ní ìparí oṣù Ọ́kítóbà, ọ̀gá Mandriva, François Bancilhon, kọ lẹ́tà ìta-gbangba sí Steve Ballmer, ọ̀gá Microsoft nígbà náà, pé oníbàárà òun ní àwọn yóò san owó Mandriva, ṣùgbọ́n Windows ni àwọn yóò fi rọ́pò rẹ̀. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, àjọ ìjọba tí ń san apá kan owó náà sọ pé Mandriva ni òun fẹ́. Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀gá ni gbogbo rẹ̀. Ta ni ó bi olùkọ́ léèrè? Ta ni ó bi òbí?

Àwọn kan yóò wí pé, kí ni ti àdéhùn ní ilẹ̀ tí a ti ń ra ẹ̀dà jíjí lọ́jà ní owó pọ́ọ́kú? Èyí ni ìdáhùn tí ó burú jù lọ. Ẹni tí ó ṣe sọ́fítíwíà ṣe làálàá, owó iṣẹ́ rẹ̀ sì tọ́ sí i. Ìrẹ́jẹ ẹnì kan kò sọ olè jíjà ẹlòmíràn di ẹ̀tọ́, àdéhùn tí Mùsùlùmí bá sì tọwọ́ bọ̀, dandan ni kí ó mú un ṣẹ. Ilé-kéwú tí ń kọ́ ọmọ ní òótọ́ ní òwúrọ̀, tí ó sì ń fi ẹ̀dà jíjí kọ́ wọn ní kọ̀ǹpútà ní ọ̀sán, ọwọ́ ọ̀tún ni ó fi ń kọ́lé, ọwọ́ òsì ni ó fi ń wó o.

Ọ̀nà tí ó tọ́ ni kí a béèrè ohun mẹ́ta kí a tó tọwọ́ bọ̀wé. Èkíní: ṣé lórí èyí tí a ń lò nìkan ni owó wà? Èkejì: bí owó bá dúró, kí ni yóò kù lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́? Ẹ̀kẹta: ṣé a óò lè kó iṣẹ́ àwọn ọmọ lọ sí ibòmíràn? Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí kan ohun ọ̀fẹ́ pẹ̀lú. Ní ọdún 2021, Google kéde pé ààyè ìkópamọ́ aláìlópin tí òun ń fún ilé-ẹ̀kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ yóò dópin, ó sì fi ìwọ̀n sí i.

Sọ́fítíwíà tí a kì í sanwó àṣẹ rẹ̀ sì wà. LibreOffice, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2010, ń kọ lẹ́tà, ó ń ṣe ìṣirò, ó ń kọ Lárúbáwá láti ọ̀tún sí òsì, ó sì ń gba àmì ohùn Yorùbá. Ìpínlẹ̀ Kerala ní ilẹ̀ Íńdíà ti ń fi irú sọ́fítíwíà bẹ́ẹ̀ kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èyí kò wí pé a kò ní náwó: a óò kọ́ olùkọ́, a óò tún ẹ̀rọ ṣe, a óò wá iná. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú owó náà lè bọ́ sí ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò tí ó mọ iṣẹ́ náà.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Owó tí a bá gbà gbọ́dọ̀ bá ohun tí a tà mu. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Kí Ọlọ́hun ṣe àwọn ọ̀dọ́ ní ẹni tí kì í rẹ́ni jẹ, tí a kì í sì í rẹ́ jẹ.