Ẹ yọ Hypo kúrò nínú ẹrù bàálù



Ẹ̀yin màmá wa tó ń lọ wẹ ọmọ tuntun ní London àti Houston la fẹ́ bá sọ̀rọ̀ jù. A máa ń gbàdúrà ìrìnàjò fún yín, a máa ń gbé ọwọ́ lé pásípọ́ọ̀tù àti báàgì. Ṣùgbọ́n kí ló wà nínú báàgì ọ̀hún gan-an? A ò bá èlùbọ́ àti ọṣẹ dúdú jà. Hypo, Jik, kọ́sítíìkì tí wọ́n fẹ́ fi se ọṣẹ níbẹ̀, Sniper nítorí aáyán, àwọn yẹn là ń bá jà. Òfin bàálù ò gbà wọ́n, ìbáà ṣe báàgì ọwọ́ tàbí èyí tó ń lọ sí ikùn bàálù.

Àwọn kan á ní, "Pásítọ̀, ṣebí ohun tí a fi ń fọ aṣọ nílé ni?" Bẹ́ẹ̀ ni, nílé. Tí bàálù bá gòkè, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á fúyẹ́ bíi ti orí òkè gíga. Ike á wú, ọmọrí á sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ẹ̀yin tí ẹ ń se ọṣẹ mọ̀ pé a kì í po kọ́sítíìkì nínú ìkòkò alumíníọ̀mù, á jẹ ẹ́ ni. Kí ni wọ́n fi ṣe ara ọ̀pọ̀ bàálù? Alumíníọ̀mù náà ni. Tí Hypo bá sì pàdé ásíìdì tí a fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, gáàsì klórínì ló ń jáde, irú èyí tí àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sílẹ̀ ní Ypres lọ́dún 1915. Fèrèsé wo lẹ fẹ́ ṣí lókè yẹn?

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní February 3, 1988, bàálù American Airlines kan gbéra láti Dallas lọ sí Nashville. Ẹnì kan ti fi àgbá kẹ́míkà tí wọ́n fi ń tọ́jú aṣọ sínú ẹrù, kò sọ ohun tó jẹ́. Hydrogen peroxide inú rẹ̀ jò, ó gbóná, iná ràn, ilẹ̀ bàálù lábẹ́ ẹsẹ̀ èrò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Wọ́n balẹ̀ láyọ̀, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Àmọ́ ẹni tó fi nǹkan pamọ́ ti fi ẹ̀mí gbogbo wọn ta tẹ́tẹ́.

Ìdí nìyẹn tí a fi kórìíra kí èèyàn da Hypo sínú ike omi kó má bàa hàn. Ọmọdé lè rò pé omi ni, kó gbé e mu!

Ẹlòmíì á tún gbé páálí wá lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ ń lọ: "Ẹ bá mi fún ọmọ mi." Níbi tí wọ́n ti ń wọn ẹrù ní Ìkẹjà, wọ́n lè bi yín bóyá ẹ̀yin lẹ di ẹrù yín fúnra yín. Kí lẹ fẹ́ sọ? Ẹ tú u níṣojú ẹni tó gbé e wá. Tí kò bá fẹ́, kó gbé e padà, ìyẹn kì í ṣe ìkà.

Ẹ má sì sọ fún wa pé ìgbàgbọ́ ni. Nígbà tí Sátánì ní kí Jésù bẹ́ láti orí tẹ́ńpìlì, ṣé Ó bẹ́?

Hypo wà lọ́dọ̀ wọn níbẹ̀, orúkọ mìíràn ni wọ́n ń pè é. Èyí tí ẹ bá yọ kúrò nínú báàgì, ẹ gbé e wá sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú. Àwọn tó ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa ti ń bèèrè.