Àrònújù kì í san gbèsè

 

Lónìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ẹrù kan tí a kì í gbé lé orí, ṣùgbọ́n tí ó wúwo ju àpò àgbàdo lọ. Ẹrù náà ni àrònújù. Kì í ṣe ìrònú tí a fi ń wá ọgbọ́n ni à ń wí. Ìyẹn dára. Èyí tí à ń wí ni ìrònú tí kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn, tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ dùn lẹ́nu, tí ó ń mú kí bàbá jágbe mọ́ ọmọ tí kò ṣẹ̀ ẹ́.

Àwọn kan ń wí pé: "Ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ ni èyí. Ọkùnrin kì í sọ pé ọkàn òun wúwo." A kò gbà bẹ́ẹ̀. Èrò tiwa ni pé àrònújù ń ba ara jẹ́, ó ń ba ilé jẹ́, ó sì ń ba oko jẹ́. Èrò tiwa sì ni pé a lè dín in kù, bí a kò bá fi ẹnì kan ṣoṣo sílẹ̀ láti máa dá a gbé.

Níbo ni ó ti ń wá?

Ẹ wo ọdún àgbẹ̀. Ní ìhà Kétu, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ń rọ̀, oúnjẹ inú àká ti ń tán lọ. Àgbàdo tuntun kò tíì gbó. Ìgbà náà gan-an ni iṣẹ́ pọ̀ jù: oko ríro, irúgbìn gbíngbìn, koríko títu. Ebi àti iṣẹ́ a pàdé nínú ara kan náà.

Ẹ wo ẹni tí ó gbin òwú. Ó ti gba ajílẹ̀ àti oògùn kòkòrò ní àwìn. Nígbà tí a bá ta òwú ni a óò yọ owó wọn. Bí òjò bá dá, gbèsè kò dá. Ẹ wo ẹni tí ó ní oko kájú ní ìhà Ṣábẹ̀ẹ́. Ó ń ṣa èso, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó ń dá iye tí wọn óò rà á. Lẹ́yìn èyí, ilé ẹ̀kọ́ a wọlé. Owó ìwé dé, owó aṣọ dé.

Ẹ wo ìyá tí ń din gàrí. Ó jí kí àkùkọ tó kọ. Ó pọn omi, ó dáná, ó lọ sí oko, ó padà wá bẹ́ ẹ̀gẹ́, ó rin ín, ó din ín. Ẹ̀fín wọ ojú rẹ̀, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní alẹ́, a tún bi í pé: "Oúnjẹ dà?" Ta ni ó bi í pé: "Ṣé ó ti rẹ̀ ọ́?"

Ohun mìíràn tún wà tí kò sí ní ọwọ́ wa rárá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba Nàìjíríà ti bodè ilẹ̀ rẹ̀. Ó di oṣù kejìlá ọdún 2020 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Ẹni tí ń kó tòmátì àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó lọ tà ní òdìkejì rí ọjà rẹ̀ tí ó ń rà. Ṣé ọ̀lẹ ni ẹni yẹn? Rárá. Nítorí náà, kí a má ṣe fi ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú ṣe yẹ̀yẹ́. Ìrònú rẹ̀ ní ìdí.

Kí ni ó ń ṣe nínú ara?

Bí ẹ bá pàdé paramọ́lẹ̀ ní ojú ọ̀nà oko, kí ni ó ń ṣẹlẹ̀? Àyà a máa lù kìkì. Èémí a yára. Iṣan apá àti ẹsẹ̀ a le. Ebi tí ń pa yín tẹ́lẹ̀, ẹ kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ohun kékeré kan wà lórí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan. Òun ni ó tú omi rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀, kí ara lè sá tàbí kí ó lè jà. Iṣẹ́ rere ni. Òun ni ó ń gba ẹ̀mí là.

Nígbà tí ejò bá lọ, ara a rọ̀. Àyà a padà sí ipò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n gbèsè jẹ́ ejò tí kì í lọ. Ó wà níbẹ̀ ní òwúrọ̀, ó wà níbẹ̀ ní òru. Ara sì ń ṣe bí ẹni pé paramọ́lẹ̀ wà nínú yàrá. Ọjọ́ kan, ọ̀sẹ̀ kan, oṣù mẹ́ta. Nígbà náà ni orí a máa fọ́, ọrùn a máa dun ni, inú a máa rú, oorun a sá lọ. Ó lè fi kún ẹ̀jẹ̀ ríru. Ènìyàn a máa gbàgbé nǹkan, a máa bínú lásán. Ẹni tí kò sùn a fi àdá gé ara rẹ̀ ní oko. Ẹni tí ń bínú a na ìyàwó rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ẹnì kan mọ́. Ti gbogbo ilé ni.

Ohun tí kì í ṣe oògùn

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi sódàbì lé ìrònú lọ. Òótọ́ ni pé sódàbì a máa tètè mú oorun wá. Ṣùgbọ́n oorun náà a já láàárín òru, ènìyàn a sì jí pẹ̀lú ìrònú àná. Owó tí à bá fi san díẹ̀ nínú gbèsè ti wọ inú ìgò.

Àwọn mìíràn ń ra oògùn lọ́wọ́ ẹni tí ń gbé e kiri ọjà. Wọ́n ń ra Tramadol kí wọ́n lè ro oko láìmọ̀ pé ó rẹ̀ wọ́n. Oògùn ìrora ni Tramadol. Dókítà ni ó yẹ kí ó fún ni. Ẹni tí ó bá ń lò ó fúnra rẹ̀, ara rẹ̀ a fẹ́ sí i lójoojúmọ́, gìrì sì lè mú un. Nínú oògùn ojú pópó, ayédèrú pọ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2009, àwọn olórí péjọ ní Kútọnu, wọ́n ké sí gbogbo ayé láti gbógun ti ayédèrú oògùn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí igbe náà já sí asán ní abúlé yín.

Ohun tí a lè ṣe

Èkíní: ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ti mọ ìwé kọ. Ẹ lò ó. Gbèsè tí a kò kà a máa tóbi ní òru ju bí ó ti rí lọ. Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ fa ìlà sí àárín rẹ̀. Ní apá kan, ẹ kọ ohun tí ọwọ́ yín lè ká. Ní apá kejì, ẹ kọ ohun tí ọwọ́ yín kò ká. Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ. Gbèsè ajílẹ̀: 40.000 fránkì. Owó ilé ẹ̀kọ́: 15.000. Gbèsè ọ̀rẹ́: 8.000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 63.000. Ó pọ̀, ṣùgbọ́n ó ní òpin. A lè bẹ ọ̀rẹ́ kí ó dúró di ìkórè. A lè bẹ olùkọ́ àgbà kí a san owó ilé ẹ̀kọ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì. Òjò àti bodè wà ní apá kejì. Bí a kò tilẹ̀ sùn mọ́jú, òjò kò ní tìtorí rẹ̀ rọ̀.

Èkejì: ẹ sọ ọ́. Bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe ní ìlú Harare, ní orílẹ̀-èdè Sìmbábúè. Dókítà tí ń tọ́jú àrùn ọkàn àti ọpọlọ kò tó nǹkan níbẹ̀. Ní ọdún 2006, dókítà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Dixon Chibanda pe àwọn ìyá àgbà 14 jọ ní àdúgbò Mbare. Ó kọ́ wọn bí a ti ń fetí sí ènìyàn. Wọ́n gbé àga gbọọrọ kalẹ̀ nítòsí ilé ìwòsàn. Ẹni tí ìrònú bá ń dà láàmú a wá jókòó ti ìyá àgbà. Ìyá náà kì í bá a wí. Ó ń gbọ́. Lẹ́yìn náà, àwọn méjèèjì a ka gbogbo ìṣòro náà, wọn a mú ẹyọ kan, wọn a wá ohun kékeré tí a lè ṣe sí i. Ní èdè wọn, èdè Shona, wọ́n ń pe àrùn náà ní "kufungisisa". Ìtumọ̀ rẹ̀ ni àrònújù. Ní ọdún 2016, wọ́n tẹ èsì ìwádìí tí wọ́n ṣe pẹ̀lú ènìyàn 573. Lẹ́yìn oṣù 6, ara àwọn tí ó bá ìyá àgbà jókòó yá ju ti àwọn tí ó gba ìtọ́jú tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ.

Ṣé a kò ní ìyá àgbà ní Kétu ni? Ṣé a kò ní igi àti àga? Ohun tí kò sí ni àyè láti sọ̀rọ̀ láìsí pé ọ̀rọ̀ náà di orin ní ọjà. Ẹni tí a bá fi ọ̀rọ̀ hàn, kí ó pa á mọ́.

Ẹ̀kẹta: ẹ pín in. Àwọn baba wa mọ àáró àti ọ̀wẹ̀. Lónìí a bá ọ ro oko, lọ́la ìwọ náà a bá wa ro tiwa. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Iṣẹ́ tí ó ń ba ènìyàn kan lẹ́rù fún ọ̀sẹ̀ méjì, ènìyàn mẹ́wàá a parí rẹ̀ ní ọjọ́ kan, tẹ̀ríntẹ̀rín. Èsúsú náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí: ẹni tí ó ní owó díẹ̀ ní ìpamọ́ kì í já láti ojú oorun nígbà tí ọmọ bá ní ibà. Nínú ilé pẹ̀lú, kí ẹrù pín. Ẹ̀yin ọkọ, ọkùnrin tí ó pọn omi kò di obìnrin. Ọkùnrin tí ó gbé ọmọ kí ìyá rẹ̀ lè sinmi, ilé tirẹ̀ ni ó ń tún ṣe.

Ẹ̀kẹrin: ẹ tọ́jú ara. Nígbà tí àyà bá ń lù, ẹ jókòó. Ẹ fa èémí sínú bí ẹ ti ń ka 1 dé 4. Ẹ tú u jáde díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ti ń ka 1 dé 6. Ẹ ṣe é fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Èémí tí a bá rọra tú jáde ń sọ fún ọkàn pé ejò ti lọ. Ní ti oorun, àgbàlagbà nílò wákàtí 7 ó kéré tán ní òru kan. Obì ń lé oorun lọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ ẹ́ ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ gbé fóònù jìnnà sí ẹní. Àti ìjókòó alẹ́ lábẹ́ igi, ayò, àlọ́ àti ijó: ẹ má ṣe pè wọ́n ní ìfàkókòṣòfò. Ara ń rọ̀ níbẹ̀.

Ẹnì kan lè bi wá pé: "Ṣé mímí ni yóò san gbèsè mi?" Rárá, arákùnrin. Mímí kò san gbèsè. Ṣùgbọ́n àrònújù náà kì í san án. Orí tí ó rọ̀ ni ó ń rí ọ̀nà. Àwa kò sì sọ pé kí ẹni tí ìyà ń jẹ máa mí, kí ó dákẹ́. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ní iṣẹ́ tirẹ̀: kí ó má ṣe dójú ti onígbèsè ní gbangba, kí ó bá a jókòó, kí wọ́n jọ ṣírò. Ìtìjú kò tíì mú kí òwú pọ̀ rí.

Ìgbà tí a gbọ́dọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn

Bí ènìyàn kò bá sùn dáadáa, tí kò sì fẹ́ ṣe ohunkóhun mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ mú un lọ bá nọ́ọ̀sì. Bí ó bá ń sọ pé ikú yá ju ayé yìí lọ, ẹ má ṣe dúró di ọ̀la. Ẹ má ṣe fi òun nìkan sílẹ̀. Ẹ kó oògùn oko kúrò nítòsí rẹ̀, kí ẹ tì í mọ́ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kò dé. Ẹ má ṣe nà án, ẹ má ṣe dè é mọ́ igi. Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà tuntun ní Aró, ní Abẹ́òkúta: aláìsàn ń gbé ní abúlé pẹ̀lú ẹbí rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́, ó ń gba ìtọ́jú. Ọ̀pọ̀ ni ara wọn yá. Kì í ṣe ẹ̀wọ̀n ni ó wò wọ́n sàn.

Ẹ̀yin ará, ìlera ni oògùn ọrọ̀. Ní alẹ́ òní, kí olúkúlùkù wa bi ẹnì kan nínú ilé tàbí ní àdúgbò pé: "Báwo ni ọkàn rẹ ti rí?" Kí a jókòó, kí a gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ tán. Ẹ ka ìwé yìí sí etí ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n kà. Lẹ́yìn náà, ní kíláàsì yín, ẹ jíròrò: àga wo ni a óò gbé sí abẹ́ igi wa, ta ni a lè fi ọkàn tán láti jókòó síbẹ̀?