Gìrì Ìdájí: Ẹ Yẹ Ṣúgà Ọmọ Wò
Ibà ló ń fa púpọ̀ nínú gìrì ọmọdé, ṣùgbọ́n èyí tó bá dé ní ìdájí tí ara ọmọ kò gbóná, iṣẹ́ ayé ni wọ́n ń pè é. Bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ kan wà tí ẹ̀dọ̀ wọn ń kó ṣúgà pamọ́, tí kò lè tú u sílẹ̀ bí ebi bá dé. Àbímọ́ ni.

Lọ́dún 1952, tọkọtaya Cori ní Amẹ́ríkà yẹ ẹ̀dọ̀ irú wọn wò, wọ́n rí i pé èròjà tó ń tú ṣúgà sílẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí lára àwọn tí tiwọn le jù. Ní 1984, àwọn dókítà kéde pé sítáàṣì àgbàdo tí a kò sè, kì í ṣe ẹ̀kọ gbígbóná o, lè gbé ọmọ náà di òwúrọ̀. Lára èèyàn díẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n.

Ó yẹ kí ìjọba fi ẹ̀rọ tó ń yẹ ṣúgà wò sí gbogbo ilé ìwòsàn, kí nọ́ọ̀sì sì yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí gìrì mú wò kí wọ́n tó dá a padà sílé.